Àgbéyẹ̀wò Ìwé Peter Marris lórí Àtúntò Àárín Èkó àti Ìṣípò lọ sí Sùúrùlérè

Ìwé tí Peter Marris tẹ̀ jáde ní 1961 lórí àwọn ará Èkó tí ìjọba kó lọ sí Sùúrùlérè kì í gbẹ́yìn nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu ètò àtúntò ìlú náà. Ìdí tí ètò náà fi wáyé kò ṣòro láti rí. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn ní Èkó ní 1924. Ní 1928 ni ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀. Láti 1955, ìgbìmọ̀ yìí dojú kọ nǹkan bí 70 éékà ilẹ̀ ní àárín ìlú láti wó ilé orí rẹ̀.

Ohun tí ó gbé iṣẹ́ Marris níyì ni pé ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni ó ti gbọ́ ọ. Ó rí i pé obìnrin tí ń pàtẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pàdánù oníbàárà nígbà tí ó dé Sùúrùlérè, pé owó ọkọ̀ àti owó ilé ń jẹ owó oúnjẹ, pé àgbàlagbà tí ẹbí yí ká tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sì fi pamọ́ pé inú àwọn mìíràn dùn sí ilé tuntun wọn. Èyí ni àwọn tí ń kan sáárá sí agbo ilé láti òkèèrè kì í fẹ́ tún sọ.

Àléébù ìwé náà wà nínú èdè tí a fi kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ya ilé tí a kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdílé tí ń gbé inú rẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, ‘Ọmọ ilé wo ni ọ́?’ kì í ṣe ìbéèrè nípa ògiri. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan owó gbà-má-bínú, tàbí onílẹ̀ tí yóò tún ilẹ̀ ara rẹ̀ rà ní iye tí ó ju èyí tí a san fún un lọ, ó máa ń dà bí ẹni pé ìṣirò owó lásán ni. Ẹni tí ojú oórì baba rẹ̀ wà nínú iyàrá lè gba owó náà láìgbà pé òun ti ta ilé.

Àwọn tí ń gbèjà ètò náà a máa tọ́ka sí Sùúrùlérè òde òní, wọn kò sì purọ́. Orúkọ àdúgbò náà pàápàá gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Àmọ́ ta ni ó ṣe sùúrù, ta sì ni ó jẹ èrè? Ọ̀pọ̀ àwọn tí a ṣèlérí fún pé wọn yóò padà sí àárín Èkó ni kò padà. Nígbà tí ìjọba ológun tún wó Màrókò, ní Èkó kan náà, ní oṣù Keje 1990, tí nǹkan bí 300,000 ènìyàn pàdánù ibùgbé wọn, ìwé Marris ti wà níta fún ọdún 29.