Ta ni Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀?

Ní Ìjió tí a ti tọ́ mi dàgbà, bí àgbàlagbà bá ń pìtàn Ọ̀yọ́, kì í pẹ́ kí ó tó kan Ìgbòho. Òkè-Ògùn kan náà ni ìlú méjèèjì wà. Ìgbòho ni àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, lẹ́yìn tí ogun Tápà ti lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Orúkọ mẹ́rin ni mo kọ́ sórí: Egúnojú, Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀, Ajíbóyèdé, Abípa. N kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ọkùnrin ni gbogbo wọn. Kí ni ìbá mú mi bèèrè? ‘Ó jọba, ó jagun, ó wàjà’ ni àwọn àgbà ń wí.

Samuel Johnson ni ó dáhùn ìbéèrè tí a kò bi í. Nínú ìwé ìtàn ńlá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin ni Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀, jagunjagun tí ó so ewé gbòòrò mọ́ ìrù ẹṣin kí ó lè gbá ipasẹ̀ wọn rẹ́. Ní 1965, Robert Smith, onímọ̀ ìtàn, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ìgbà Ìgbòho, ó sì jábọ̀ ìtàn mìíràn: obìnrin ni Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀, ó gorí ìtẹ́ nítorí pé ọmọ Egúnojú kò tíì dàgbà tó.

Ẹ jẹ́ kí a dá èdè Gẹ̀ẹ́sì dúró díẹ̀, kí a sọ ìtàn méjèèjì ní Yorùbá. ‘Àbúrò Egúnojú ni ó jọba lẹ́yìn rẹ̀.’ Gbólóhùn kan náà ni! Ẹni tí a bí lẹ́yìn ẹlòmíràn ni ‘àbúrò’ ń tọ́ka sí, kì í sọ ọkùnrin tàbí obìnrin. Johnson kò lè kọ gbólóhùn yìí ní Gẹ̀ẹ́sì láìyan ọ̀kan.

Ibí yìí ni Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí dúró sí nínú The Invention of Women (1997). Onímọ̀ àwùjọ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwọn òpìtàn gbọ̀ngbọ̀n. Ó ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ó ń ṣètò àwùjọ Ọ̀yọ́ kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe ẹ̀yà ara, àti pé ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ ọ̀pọ̀ ọba di ọkùnrin. Lórí Johnson, mo gbà fún un pátápátá.

Ṣùgbọ́n ó ti ọ̀rọ̀ náà kọjá ibi tí ẹ̀rí dé. Pé èdè kò dárúkọ nǹkan kò fi hàn pé àwùjọ kò kà á sí. Johnson kan náà ni ó sọ fún wa nípa Ìyá Kéré, obìnrin ààfin tí ohun oyè ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń gbé adé lé ọba lórí, tí ó sì lè fi ohun oyè wọ̀nyí dù ú bí ọba bá ṣẹ̀ ẹ́. Agbára ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n agbára tí a yà sọ́tọ̀ fún obìnrin ni. Ààfin mọ ìyàtọ̀, ó sì fi ṣètò iṣẹ́.

Ẹ tún wo ìtàn tí Smith gbọ́. Bí kò bá sí ohun tó yàtọ̀ nínú kí obìnrin jọba, kí ni ìdí tí a fi ní láti ṣàlàyé pé ọmọ kò tíì dàgbà? Oyěwùmí lè dá mi lóhùn pé àbúrò tí ó gba ipò ọmọ, ì báà ṣe ọkùnrin, yóò nílò àlàyé kan náà. Òótọ́ ni, èsì yẹn sì ń dà mí láàmú. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń pìtàn náà tẹnu mọ́ ọn pé obìnrin ni. Kò fi í sílẹ̀ sí ‘ó’ lásán.

Nígbà mìíràn ní kíláàsì, mo máa ń kọ gbólóhùn yẹn sára pátákó, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń kọ, àwọn ọmọbìnrin pàápàá. Bí mo bá bèèrè ibi tí wọ́n ti rí ọkùnrin náà, wọn á tún gbólóhùn ọ̀hún kà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ariwo á sì sọ.