Páátì Ilé: Ta Ni Kò Rí Àga Jókòó?

Bí oṣù kejìlá bá ti wọlé báyìí, ìmọ̀ràn a máa pọ̀ ju ìrẹsì lọ. Ìwé ìròyìn a kọ ọ́, rédíò a sọ ọ́, tẹlifíṣọ̀n a fi í hàn: bí ẹ ó ṣe ṣe kéèkì ọdún, bí ẹ ó ṣe tẹ́ tábìlì, irú eré tí ẹ ó fi dá àwọn àlejò lára yá. Mo fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi a tilẹ̀ máa da itọ́ bí mo bá ti ń kà á. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí n fi ojú adájọ́ wò wọ́n, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni kò mọ irú ilé tí àwa ń gbé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. "Fún ènìyàn mẹ́jọ," ni wọn yóò kọ sókè rẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ kẹ̀? Ní Mushin ni àbí ní Òkè-Àdó? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni nínú yín tí ó pe ènìyàn mẹ́jọ rí tí mẹ́jọ péré sì wá? Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín kan, ó mú àbúrò rẹ̀ dání. Àbúrò náà pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìyá tí ń gbé yàrá òdìkejì gbọ́ orin, ó ní òun kàn ní kí òun yọjú kí ẹ ni. Àfáà àdúgbò tí ó fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí yín, ṣé ẹ ó ní kí ó máa kọjá lọ ni? Kí ẹ tó ṣẹ́jú, mẹ́jọ ti di mẹ́tàlélógún. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀wà hù o. Àwa náà ni a kọ́ ara wa pé bí a bá ń jẹun tí ènìyàn wọlé, "Ẹ wá bá wa jẹun" ni à ń wí.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n tèmi kò le. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ṣe fún àlejò nílé, ìbéèrè méjì ni mo ń bi í. Èkíní: ǹjẹ́ àyè wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí a kò retí? Èkejì: ǹjẹ́ ẹni tí ó se oúnjẹ náà yóò rí àyè jókòó? Bí ó bá yege nínú méjèèjì, ó ti kún ojú òṣùwọ̀n. Bí kò bá yege, ẹwà ojú lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí á ti orí eré bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti hàn jù. Páátì ọmọdé mélòó ni ẹ dé nílùú tí wọn kò ti ṣe eré àga olórin? Ẹ mọ̀ ọ́n: àga mẹ́sàn-án, ọmọ mẹ́wàá; orin ń lọ, wọ́n ń yí àga po; orin dákẹ́, oníkálukú sáré jókòó; ẹni tí kò rí àga, ó bọ́ sẹ́yìn nìyẹn. Wọn a tún yọ àga kan. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí yóò fi ku ọmọ kan ṣoṣo lórí àga kan ṣoṣo, tí mẹ́sàn-án yòókù káwọ́ lẹ́rán síbi ògiri. Ó dùn ún wò, n kò jiyàn. Àmọ́ ẹ rò ó wò o. Ohun àkọ́kọ́ tí Yorùbá ń ṣe fún àlejò ni pé kí ó fún un ní ìjókòó. Bí omi kò bá tilẹ̀ tíì dé, àga yóò ti dé. Irú eré wo wá ni èyí, tí ó jẹ́ pé àga tí a fún àlejò ni a fi ń ṣeré yíyọ kúrò lábẹ́ rẹ̀? Ọmọ tí ó kéré jù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde, òun náà ni yóò sì dúró pẹ́ jù láìrí nǹkan ṣe.

Ẹ fi ẹkùn mẹ́ran wé e. Ẹnì kan jẹ́ ẹkùn, ẹnì kan jẹ́ ewúrẹ́, àwọn yòókù ṣe agbo, wọ́n sì ń gbe orin. Bí ọmọ márùn-ún mìíràn bá dé lẹ́yìn tí eré ti wọra, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Agbo á kàn fẹ̀ sí i ni! Kò sẹ́ni tí a ó lé. Bákan náà ni àlọ́ rí: ẹni tí ó bá ti lè gbè é, ó ti wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí ìyá àgbà tí kò lè dìde fúnra rẹ̀ mọ́. Ayò ńkọ́? Lóòótọ́, ènìyàn méjì péré ni ń ta á, lórí ọpọ́n olójú 12, pẹ̀lú ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ta ní sọ pé àwọn méjì náà nìkan ni ń ṣeré? Àwọn òǹwòran tí wọ́n rọ̀gbà yí wọn ká ń fi ẹnu ta tiwọn: wọ́n ń yin ọ̀ta, wọ́n ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí kò kàn wọ́n. Ènìyàn méjì ń ta á, ogún ènìyàn ń gbádùn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé nǹkan òyìnbó ni mo ń bá jà o. Káàdì Whot, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Storey, ni ó ṣe é ní àwọn ọdún 1930. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, a fún un ní òfin tiwa. Ẹ ju 2 sílẹ̀, ẹni tí ó kàn mú káàdì méjì. Ẹ ju 14 sílẹ̀, gbogbo ilé lọ sọ́jà! Eré náà wá bí àlejò, a sì sọ ọ́ di ọmọ ilé. Eré àga náà lè di ọmọ ilé bí a bá fẹ́. Ẹ máa yọ àga, ṣùgbọ́n ẹ má lé ọmọ kankan. Kí wọ́n máa fún ara wọn láyè, kí èyí gbé èyí lẹ́sẹ̀, títí gbogbo wọn yóò fi há sórí àga méjì. Ẹ̀rín ni yóò pa ará ilé.

Ó wá ku kéèkì. Kéèkì àtijọ́ kò ṣòro ṣírò: ẹ fi ẹyin sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ wá wọn bọ́tà, ṣúgà àti fúláwà kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó ẹyin náà. Ẹ po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí yóò fi funfun tí yóò sì fúyẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó bá wọ inú rẹ̀ ni ó ń ràn án lọ́wọ́ láti wú. Ẹni tí kò ní óòfù a da yanrìn sínú ìkòkò irin ńlá, a gbé e ka sítóòfù, a gbé páànù kéèkì lé yanrìn lórí, a sì dé e. Mo ti jẹ irú rẹ̀, kò sí ohun tí ti olóòfù fi jù ú lọ.

Èyí tí mo ní ẹjọ́ bá ni kéèkì alájà mẹ́ta. Wọn a gbé e sí àárín yàrá bí ère. Kò sọ́mọ tí ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí ayàwòrán yóò fi dé. Nígbà tí wọ́n bá máa gé e, ìdajì àlejò ti lọ. Ẹni tí ó kù gba èyí tí ó tó èékánná. Ẹ da ohun kan náà sínú páànù pẹlẹbẹ tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí ó sì fẹ̀ ní 30. Bí ẹ bá gé e ní 5 sí 5, ègé 48 ni yóò jáde, iye ọmọ ayò gẹ́lẹ́! Bí àlejò bá ya bo yín, ẹ tún gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ó di 96, ó parí.

Ṣíńṣìn dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè dín in ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ọdún, ẹ bò ó pa sínú agolo, kò ní í bàjẹ́. Ìkúnwọ́ ni à ń fi pín in, ọwọ́ a sì máa mọ bí yóò ṣe kún nígbà tí ènìyàn bá pọ̀. Ẹ má sì gbàgbé gúrúdi, àgbọn àti sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí a yan títí ó fi gan. Àlìkámà kì í ṣe irè oko tiwa. Láti òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń wá, ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Àpápá sì ti ń lọ̀ ọ́ láti ọdún 1962. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó o wọlé ní ọdún 1987, títí di 1992, ọ̀pọ̀ aláṣeyẹ ni ojú rẹ̀ já a. Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ gan-an, fúláwà ti tún di ohun tí a ń wò lẹ́ẹ̀mejì kí a tó rà á. Ẹni tí ó bá yá owó ṣe kéèkì alájà mẹ́ta, owó ilé-ìwé oṣù kìn-ín-ní ni ó ń gé fún àlejò jẹ. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ìbéèrè kejì ni ó ká mi lára jù: ta ni ó wà ní ilé ìdáná? Isabella Beeton, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ìwé ìtọ́jú ilé rẹ̀ jáde ní ọdún 1861, kò fi èyí pa mọ́. Ìyáálé inú ìwé rẹ̀ ń pàṣẹ, àwọn ìránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ oníkálukú wọn. Ìmọ̀ràn òde òní ti yọ àwọn ìránṣẹ́ kúrò nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò yọ iṣẹ́ wọn kúrò. Ta ni yóò ṣe é? Ìyàwó ilé ni, àbí àbúrò rẹ̀, àbí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá. Mo ti jẹ àjẹyó nínú ilé tí n kò fi rí ojú ẹni tí ó se oúnjẹ náà títí mo fi dágbére.

Níbi tí a dé yìí, kì í ṣe oúnjẹ òyìnbó nìkan ni ó jẹ̀bi. Ẹ wo pọ́fùpọ́fù àti àkàrà. Gbígbóná ni wọ́n dùn jù, nítorí náà ẹni tí ó ń dín wọn kò ní kúrò nídìí epo. Àwọn àlejò ń jẹ, wọ́n ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n bù sí i. Òógùn ń dà lójú alásè. Bí ẹ bá fẹ́ dín in dandan, ẹ gbé sítóòfù jáde sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí agbo wà, kí alásè lè gbọ́ àlọ́, kí òun náà sì lè dáhùn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ ilé náà di ṣíbí mú díẹ̀. Epo kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Ẹnì kan yóò ní, "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ ẹ̀ fẹ́ kí ènìyàn ṣe fàájì ni? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ẹ jẹ́ kí ojú rí nǹkan." Òótọ́ ni, ojú náà ń fẹ́ jẹun. N kò ní kí ẹ má tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, n kò ní kí ẹ má fi òdòdó sí i. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó jẹ́ pé ojú nìkan ni ó yó níbẹ̀, ebi ni ó pa àwọn yòókù. Kì í sì í ṣe pé a kò ní òǹkọ̀wé. Láti ọdún 1934 ni J. A. Mars àti E. M. Tooleyo ti gbé ìwé ìdáná Yorùbá jáde, èyí tí wọ́n fi orúkọ Kudeti pè. Ẹni tí yóò kọ irú rẹ̀ nípa ṣíṣe àlejò ní yàrá kan àti pálọ̀, tí kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "fún ènìyàn mẹ́jọ", òun ni mo ń wá.

Kí ó tó dé, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìmọ̀ràn páátì síwájú yín lọ́dún yìí, ẹ kà á dé ìparí, kí ẹ sì wá ibi tí alásè ti jókòó nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fa àga kan kalẹ̀ fún un kí ẹ tó pe àlejò kankan.