Abo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ijó Àgbà

Láti kékeré ni mo ti ń jó ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílẹ̀ Yewa, n kò sì tíì rí iṣẹ́ ọkùnrin mìíràn tó bọ̀wọ̀ fún obìnrin tó o. Ọkùnrin ni àwa oníjó tí à ń gbé ère igi lórí. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ agbo bí abo, obìnrin ni ìlú ń kí, obìnrin ni onílù ń lùlù fún. Èmi gbà pé àgbà ló mọ abo jó jù, orúnkún tó ń dùn mí báyìí kò sì yí mi lọ́kàn padà.

Ẹ wo bí a ṣe ń múra. A ó so ọmú igi mọ́ àyà, a ó fi aṣọ di ìdí kó lè yọ, a ó wá fi gèlè àti ọ̀já bo ara ní ìpele-ìpele. Ọ̀já tí wọ́n fi ń pọnmọ gan-an ni. Yíyá la máa ń yá wọn lọ́wọ́ ìyá wa, ìyàwó wa àti àbúrò wa obìnrin. Bí mo ṣe ń jó, àwọn tó laṣọ wà létí agbo, wọ́n ń wo ohun tí mo ń fi aṣọ wọn ṣe. Bí mo bá fi abo ṣẹ̀sín, àwọn gan-an ni mo fi ṣẹ̀sín.

Ṣaworo irin tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ni adájọ́. Ohun tí ìyáàlù bá sọ lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ, ibi tí ìlù bá já sí lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ já sí. Bó bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo agbo á gbọ́. Méjì-méjì la sì sábà máa ń jáde, nítorí náà ẹsẹ̀ mi àti ti ẹnìkejì mi gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ akọ máa ń fò, ó máa ń janlẹ̀. Lójú tèmi, inú ìdúró ni agbára abo wà: ejìká balẹ̀, ìbàdí ló ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru wa, bá ti kọrin mọ́jú, ijó ọ̀sán ló kàn. Àwọn ọmọdé ló ń kọ́kọ́ jó, àwọn ọ̀gá ló ń kẹ́yìn. Ètò yìí bọ́gbọ́n mu. Ọ̀dọ́ ní okun tó tó akọ. Àgbà ní tirẹ̀ ti tọ́jú ìyá lórí àìsàn, ó ti dúró ti ìyàwó tó ń rọbí, ó ti rí ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń pọn ọmọ tirẹ̀. Gbogbo ìrìn wọ̀nyẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Igi wúwo lọ́rùn mi nísinsìnyí, mo sì ní láti mí kánlẹ̀ kí ìyáàlù tó fọhùn. Ìṣísẹ̀ mi ti dín kù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mò ń gbé lásán.

A kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Aṣọ ojú wa fẹ́lẹ́, àwọn ará ìlú ń fi orúkọ mi kí mi bí mo ṣe ń jó. Wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin ni mí, obìnrin ni wọ́n sì ń wò. Òótọ́ ni méjèèjì. Àwọn ìyá wa, tí agbára ìbí àti ti ìparun wà lọ́wọ́ wọn, là ń fijó tù lójú. Obìnrin bákan náà ni Ìyáláàṣẹ tó ń darí wa. Lọ́dún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò mọ́ àwọn àṣà tó níye lórí jù láyé. Lọ́dún 2008 ó wọ inú àkójọ àṣà ìran ènìyàn tí àjọ náà ṣe. Inú mi dùn sí i gidigidi. Àmọ́ Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ kọ́ akọ lọ́dọ̀ àwa ọ̀gá ijó, kí ẹ sì kọ́ abo lọ́dọ̀ obìnrin ilé yín. Ẹ wo bí ìyá yín ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀, bó ṣe ń dìde tòun tọmọ lẹ́yìn. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí àgbà lọ jókòó. Ìyáláàṣẹ ló fi mí sẹ́nu ijó yìí. Títí dìgbà tó bá ní ó tó, n ó máa jó abo.