Ìròyìn Tí Kò Tó Àfojúbà: Àhesọ Nípa Ọkọ̀ Asáré Nínú Àwọn Ìwé Àtìgbàdégbà

Bí òwò kan bá wà tí a fi ń ta ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, òwò àwọn ìwé àtìgbàdégbà tí ń ròyìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Japáànì, wọ́n a máa gbé àwòrán ọkọ̀ asáré kan tí ń bọ̀ lọ́nà sí èèpo iwájú, pẹ̀lú iye owó rẹ̀, agbára ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ àti ọdún tí yóò jáde. Òǹkàwé a ra ìwé náà. Ọdún náà a pé, ọkọ̀ kò ní jáde, olóòtú kò sì ní wí nǹkan kan.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú irú àhesọ bẹ́ẹ̀ ni ti Corvette, ọkọ̀ asáré tí ilé iṣẹ́ Chevrolet bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1953. Iwájú ni ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n Zora Arkus-Duntov, àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ọkọ̀ náà, gbà pé ẹ̀yìn awakọ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀ńjìnnì wà, kí ìwúwo ọkọ̀ lè sún mọ́ àwọn táyà tí ń tì í lọ. Wọ́n ṣe ọkọ̀ àdánwò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, wọ́n gbé ọ̀kan tí a ń pè ní XP-882 lọ sí àfihàn ọkọ̀ ní New York. Láti ìgbà náà ni àwọn ìwé bíi Road & Track, Motor Trend àti Car and Driver ti ń kéde rẹ̀ lákọ̀tun pé Corvette tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín ti dé ẹnu ọ̀nà.

Kò dé. Wọ́n fi òmíràn hàn ní 1973. Ní 1976, wọ́n yí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ padà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Aerovette. Àhesọ tún gba ìgboro pé òun ni Corvette ọdún 1980. Duntov ti fẹ̀yìn tì ní 1975. Nígbà tí Corvette tuntun jáde ní 1983, iwájú ni ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 1997, ti 2005 àti ti 2014. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje ọdún 2019 ni ilé iṣẹ́ náà tó ṣí aṣọ lójú èyí tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín. Duntov ti kú láti 1996.

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ìwé ìròyìn ti ṣẹ, pé kí a yé bá wọn wí. Ẹni tí ó bá ń sọ lọ́dọọdún pé ọba ìlú yóò wàjà, ọdún kan ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣẹ. Ìyẹn kò sọ ọ́ di awo. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún kí òtítọ́ tó dé, nígbà tí ó sì dé, ńṣe ni irọ́ gba aṣọ rẹ̀ wọ̀.

Síbẹ̀, a kò lè pe gbogbo rẹ̀ ní irọ́ pọ́ńbélé. XP-882 wà lóòótọ́. Ènìyàn rí i, wọ́n fọwọ́ kàn án. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni àbùkù náà fara pamọ́ sí. “Wọ́n ti ṣe ọ̀kan” ni a sọ di “wọn yóò máa tà á”, “ó ṣeé ṣe kí” sì di “yóò” kí ìwé tó dé ọwọ́ òǹkàwé. Bí Yorùbá bá gbọ́ “wọ́n ní”, ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni, “Ta ni wọ́n?” Àwọn ìwé wọ̀nyí kì í sábà dáhùn rẹ̀. Orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ a máa sọnù, ṣùgbọ́n iye owó ọkọ̀ kì í sọnù.

Àwòrán ńkọ́? Àwọn ilé iṣẹ́ a máa fi ọ̀rá onílà dúdú àti funfun, tí ń da ojú rú, bo ọkọ̀ tí wọ́n ń dán wò, kí ẹni tí ń yọ́ ya fọ́tò má baà mọ bí ara rẹ̀ ti rí. Ohun tí ojú kò rí ni ayàwòrán ń fi ọ̀dà ṣe lọ́ràá, a ó sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ fọ́tò.

Àwọn ilé iṣẹ́ kò mọ́ nínú rẹ̀, nítorí ọkọ̀ àfihàn ń gba òkìkí fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2015, Mazda gbé RX-Vision kalẹ̀ ní Tokyo, àwọn oníròyìn sì fún ọkọ̀ tí wọ́n ní yóò tẹ̀lé e ní orúkọ, RX-9. Mazda kò tíì ta ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó dunni jù ni pé àwọn ìwé kan náà ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ lọ sí pápá, tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ ka ìṣẹ́jú-àáyá tí ó fi sáré, tí wọ́n ń wọn ibi tí ó dúró sí nígbà tí a tẹ bíréèkì. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, wọn kì í sì ṣe é ní àṣegbé. Yíǹkì kan náà ni wọ́n fi ń tẹ àhesọ. Ọ̀dọ́ tí ó ti ń tu owó jọ, tí ó tìtorí ìròyìn dáwọ́ ọjà tí ó fẹ́ rà dúró, kò ní ohun tí yóò fi mọ ojú ìwé tí a wọ̀n yàtọ̀ sí èyí tí a fi ojú inú yà. Olóòtú lè ràn án lọ́wọ́: ní ìparí ọdún, kí ó to gbogbo ọkọ̀ tí ó ti kéde jọ, kí ó kọ èyí tí ó jáde àti èyí tí kò jáde sí iwájú wọn. Ojú ìwé kan péré ni yóò gbà.