Orin Olórin Lẹ́nu Rolling Stones

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ pé fújì nìkan ni orin lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bá mi nínú yàrá níbi tí mo ti ń gbọ́ "Blue & Lonesome", àwo tí ẹgbẹ́ Rolling Stones gbé jáde ní ìparí ọdún 2016. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí díẹ̀, ó ní, "Òyìnbó wo ló ń ké bí ẹni tí onílé lé síta yìí?" Mo sọ fún un. Mo tún fi kún un pé orin méjìlá ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan tí àwọn fúnra wọn kọ. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni gbogbo rẹ̀. Ni ọkùnrin yìí bá bú sẹ́rìn-ín. "Olówó ń kọ orin tálákà, ó tún ń tà á! Ṣé olè kọ́ nìyẹn?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo fẹ́ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ẹnu mi wúwo. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fi ẹ̀rín gbé jù nù.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ná. Lọ́dún 1961 ni Mick Jagger àti Keith Richards, tí wọ́n ti mọra láti kékeré, tún pàdé ní ibùdókọ̀ ojú irin ìlú Dartford, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Àwo Chuck Berry àti ti Muddy Waters tí Jagger gbé lọ́wọ́ ló fa ọ̀rọ̀ tó di ọ̀rẹ́. Orúkọ tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ pàápàá, orin Muddy Waters ni wọ́n ti mú un. Nígbà tí wọ́n sì ṣe àwo ńlá àkọ́kọ́ lọ́dún 1964, orin olórin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Orin blues tí àwọn èèyàn dúdú gbé láti gúúsù Amẹ́ríkà dé Chicago, tí wọ́n so gìtá oníná mọ́, òun ni oúnjẹ tí àwọn ọmọ yìí jẹ dàgbà.

Síbẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kò ṣì sọ. Nínú àwo "Beggars Banquet" tí wọ́n ṣe lọ́dún 1968, orin kan wà tó ń jẹ́ "Prodigal Son". Robert Wilkins, ẹni tó padà di oníwàásù, ló ni orin náà. Ṣùgbọ́n orúkọ Jagger àti Richards ni wọ́n kọ sí i nígbà tó kọ́kọ́ jáde, kí wọ́n tó wá tún un ṣe lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀ Wilkins wà láàyè kedere o. Ọdún 1987 ló tó kú. Kí la fẹ́ máa pe irú ìyẹn? Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ní kí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà pe Howlin' Wolf wá lọ́dún 1965, tí wọ́n sì jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé nígbà tó ń kọrin. Ọwọ́ kan ń fúnni, ọwọ́ kejì ń gbà. Nínú àwo "Blue & Lonesome" yìí, ó kéré tán, orúkọ onílé wà lára ilé.

Bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an dùn mọ́ mi. Oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni wọ́n wọ sítúdíò kan ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù láti ṣe orin tuntun tiwọn. Orin náà kọ̀, kò wọlé. Wọ́n bá ní kí àwọn fi orin Little Walter kan mú ara yá gágá. Ọjọ́ mẹ́ta péré, àwo ti parí! Ẹgbẹ́ tí kò ṣe odidi àwo tuntun láti ọdún 2005 kẹ̀.

Mo ti máa ń rò pé ijó àti ṣòkòtò fífún ni iṣẹ́ Jagger. Mo tọrọ àforíjì. Ẹ gbọ́ hamónikà tó ń fọn nínú "Hate to See You Go": ó ń mí, ó ń sunkún, ó ń bínú, kò sì ṣe àṣejù. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ ṣá. "Commit a Crime" jẹ́ orin ọkùnrin tó mọ̀ pé obìnrin òun fẹ́ pa òun. Bí Howlin' Wolf bá kọ ọ́, ẹ̀yin gan-an á wẹ̀yìn wò. Jagger ń kọ ọ́ bí ìtàn tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. "I Can't Quit You Baby" ló kẹ́yìn. Otis Rush kò tíì dàgbà púpọ̀ nígbà tó ṣe é lọ́dún 1956, ó sì ké bí ẹni tí wọ́n fi iná jó. Eric Clapton wá ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú gìtá, gìtá náà dán bí àwo tánganran, kò sì jó ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, orí orin kọkànlá ló yẹ kí wọ́n ti dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ọjọ́ orí wọn. Little Walter, tí orin mẹ́rin nínú méjìlá yìí ti ẹnu rẹ̀ wá, kú lọ́dún 1968 ní ẹni ọdún 37. Magic Sam kú ní 32. Wolf tí gbogbo èèyàn ń pè ní àgbà, 65 ni. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo yìí, Jagger ti di ẹni ọdún 72, Charlie Watts onílù wọn sì ti di 74. Lọ́dún 1964, ọmọdé ni wọ́n, wọ́n ń sín àgbà jẹ. Nígbà yìí wọ́n ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń sín jẹ lọ, ẹni tí wọ́n lè wò láti mọ bí arúgbó ṣe ń kọ ọ́ kò sì pọ̀. Ìyẹn ni mo gbọ́ nínú "Little Rain" ti Jimmy Reed. Kò sí ìkánjú kankan. Watts kàn ń fọwọ́ kan ìlù bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé aláìsàn. Ó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àwo yìí ló sì jẹ́ àwo sítúdíò tó kẹ́yìn tí wọ́n gbé jáde lójú ayé rẹ̀.

Mo ro gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi. Ó gbọ́ "Little Rain" tán láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Àwọn tó ni ín ńkọ́? Fi tiwọn sí i kí n gbọ́." Mo fi "Hate to See You Go" ti Little Walter fúnra rẹ̀ sí i. Ọkùnrin náà fa àga, ó jókòó. Nígbà tó parí, ó ní kí n tún un fi sí i, ó sì tún sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kẹta. A kò padà sórí Rolling Stones mọ́ lọ́jọ́ náà.