Ọrùn Tí A Rí Yíká

Àwọn àgbà ní orí kì í tóbi kí olórí má lè gbé e. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n òwe náà fo ọrùn dá, bẹ́ẹ̀ ọrùn gan-an ni alágbàṣe ibẹ̀. Orí àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò 5. Egungun 7 péré ló wà láàárín rẹ̀ àti àyà, iye kan náà tó wà lọ́rùn àgùnfọn, pẹ̀lú gbogbo gígùn ọrùn tiẹ̀.

Nínú méjèèje, méjì òkè ló yàtọ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá, tí àwọn dókítà ń pè ní atlas, rí róbótó bí òṣùká: àárín rẹ̀ ṣófo, agbárí ló sì jókòó lé e. Èyí tó tẹ̀ lé e, axis, ní egungun ṣóńṣó kan tó yọ sókè wọ inú ihò atlas, òun sì ni atlas ń yí mọ́. Bí ènìyàn bá mi orí pé rárá o, nǹkan bí ìdajì yíyí ọrùn náà, àárín àwọn méjì yìí ló ti ń ṣẹlẹ̀. Okùn tó so ọpọlọ mọ́ gbogbo ara gba inú atlas kan náà sọ̀kalẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ méjì tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́yìn ọpọlọ gba ihò kéékèèké tó wà lápá ọ̀tún àti òsì. Ibi tóóró tí ohun púpọ̀ kóra jọ sí ni, ẹni tí yóò bá fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Fífọwọ́ kàn án sì ni iṣẹ́ àwọn chiropractor, àwọn tó ń fọwọ́ to egungun ẹ̀yìn àti ọrùn. Davenport, ìlú kan létí odò Mississippi ní ìpínlẹ̀ Iowa, ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1895, nígbà tí Daniel David Palmer tẹ egungun ẹ̀yìn Harvey Lillard, adúláwọ̀ kan tó ń tọ́jú ilé tí ọ́fíìsì Palmer wà, tí etí rẹ̀ sì ti di fún ọ̀pọ̀ ọdún. Palmer ní etí náà là. Èmi ò lè gbé ìyẹn mì bẹ́ẹ̀, torí iṣan tí a fi ń gbọ́ràn kò gba ẹ̀yìn kọjá rárá. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ní Würzburg ní Jámánì, Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán X-ray. Ó di 1910 kí ohun méjèèjì tó pàdé, nígbà tí B. J., ọmọ Palmer, gbé ẹ̀rọ X-ray wọ ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1930, egungun òkè ọrùn nìkan ló gbájú mọ́.

Ìṣòro X-ray àtijọ́ ni pé òjìji ni. Ohun gbogbo tó wà láàárín ẹ̀rọ àti fíìmù ló ń gun ara wọn: àgbọ̀n, eyín, ìsàlẹ̀ agbárí, gbogbo wọn a bo atlas mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí aláìsàn la ẹnu gbàgà, kí ìtànṣán lè gba ẹnu kọjá. Àwọn chiropractor a ya ọrùn láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè orí, wọn a wá mú rúlà àti pẹ́ńsùlù, wọn a fa ìlà sórí fíìmù láti mọ bí egungun ṣe yẹ̀ tó. Iṣẹ́ ọwọ́ tó gba sùúrù ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n William Blair, chiropractor kan tó ṣiṣẹ́ ní Lubbock ní Texas, rí ibi tí rúlà náà kù sí. Apá ọ̀tún àti òsì egungun ènìyàn kì í sábà dọ́gba. Ẹni tó bá fi ìlà gbọọrọ wọn egungun tí Ọlọ́run dá ní wíwọ́, ohun tí kò bàjẹ́ ni yóò máa tún ṣe. Blair bẹ̀rẹ̀ sí í ya oríkèé kọ̀ọ̀kan láti igun tí oríkèé ẹni yẹn gan-an dojú kọ.

Ohun tí Blair ń wá láti igun dé igun, ẹ̀rọ òde òní ń gbé e síwájú ẹni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Godfrey Hounsfield, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣílẹ̀kùn: ní 1971, ní ilé ìwòsàn kan ní Wimbledon, ẹ̀rọ CT rẹ̀, tó ń fi X-ray ya inú ara láti igun púpọ̀, ya ọpọlọ aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́, òun àti Allan Cormack sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ, àwọn ará Ítálì kan ní Verona ṣe irú rẹ̀ tó kéré fún àwọn oníṣègùn eyín, èyí tí wọ́n ń pè ní CBCT. Ọ̀dọ̀ àwọn eléyín yìí ni àwọn chiropractor tó gbájú mọ́ òkè ọrùn ti yá a lò.

Yíya rẹ̀ kò la ariwo lọ. Aláìsàn a bọ́ yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn àti awò ojú, a jókòó ṣinṣin, a gbé àgbọ̀n lé ibi tí wọ́n ṣe fún un, wọn a sì rọra mú iwájú orí rẹ̀ kí ó má yẹ̀. Apá ẹ̀rọ náà a wá yí orí rẹ̀ ká: orísun ìtànṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pátákó tó ń gbà á wà lódìkejì. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20, ó ti parí, ẹ̀rọ sì ti ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò. Kọ̀ǹpútà ló ń fi wọ́n kọ́ ọrùn náà padà, láti inú èérún wẹ́wẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ wọn kò tó ìdajì mìlímítà. Pé aláìsàn jókòó ṣe pàtàkì lójú mi: ọrùn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tó ń gbé orí lọ́wọ́, ni wọ́n yà, kì í ṣe èyí tó ń sinmi lórí ìrọ̀rí.

Ojú kọ̀ǹpútà ni ẹwà ibẹ̀ wà. Dókítà a yí ọrùn náà bó ṣe wù ú: a wò ó níwájú, a yí i wo ẹ̀yìn, a gba abẹ́ wò ó. A gé e lóòró, a gé e níbùú, a sì mú àgbọ̀n kúrò lójú ọ̀nà láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ojú méjì tí agbárí fi jókòó lórí atlas hàn kedere, tọ̀tún lè jìn ju tòsì lọ. Egungun ṣóńṣó axis lè tẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Ihò òpó ẹ̀jẹ̀ kan lè fẹ̀ ju èkejì lọ. Etí oríkèé tí ọjọ́ orí ti mú kó hu egungun wẹ́wẹ́ náà kò rí ibi sá sí. Ọrùn tó bá àwòrán inú ìwé mu délẹ̀délẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ yìí ló ṣe ẹlẹ́rìí Blair.

Mo yìn ín, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìyìn náà ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. CBCT mọ egungun, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹran ara: iṣan, ohun tó so egungun pọ̀, tìmùtìmù tó wà láàárín wọn, ẹ̀rọ MRI ló mọ̀ wọ́n. Ìtànṣán rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti CT ńlá ilé ìwòsàn, ó sì sábà máa ń ju ti X-ray lásán lọ, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń yà torí pé ẹ̀rọ wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn chiropractor Amẹ́ríkà, ACA, fúnra wọn kìlọ̀ ní 2017 pé kí wọ́n má ya fọ́tò ẹni tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn láàárín ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, àfi bí àmì ewu bá wà. Ọrùn náà yẹ fún irú ìkóra-ẹni-níjàánu bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni kí ẹnìkan tọ́ka sí egungun tó yẹ̀ ní mìlímítà kan, kó ní ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìróorunsùn aláìsàn ti wá. Ibi tí egungun wà ni àwòrán ń sọ. Kò sọ ohun tó fa àìsàn.

Ibi tí mo ti ka ẹ̀rọ yìí kún jù ni ibi tó ti ń dá ọwọ́ dúró. Àwọn kan wà tí egungun ṣóńṣó axis wọn kò so mọ́ ìdí rẹ̀, tó kàn dá wà lókè. Os odontoideum ni wọ́n ń pè é. Ẹlòmíràn a gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀, a máa rò pé ọrùn dídùn lásán ni. Bí wọ́n bá yí irú ọrùn bẹ́ẹ̀ lójijì, atlas lè yọ̀ kúrò láyè rẹ̀, kó fún okùn tó ti ọpọlọ wá. Lórí fíìmù, eyín àti àgbọ̀n lè bo àlàfo náà. Nínú àwòrán 3D, bí wọ́n bá ti gé e lóòró láàárín, ó hàn síta. Chiropractor tó mọṣẹ́ kò ní tẹ ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn. Yóò kọ lẹ́tà sí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ẹ̀yìn, yóò fi àwòrán náà ṣọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀, yóò sì sọ fún aláìsàn pé kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí òun lọ́rùn títí dókítà ọ̀hún yóò fi rí i.