Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Kan nínú Àpò Sípánà

Adìẹ ló ń sùn lórí alùpùpù náà nígbà tí mo ní kí wọ́n fún mi. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni àbúrò bàbá mi tì í sí ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, láti ìgbà tí ojú wọn ò ti ríran dáadáa mọ́. Honda CG125 ni. Táyà méjèèjì ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, táǹkì ti dógùn-ún, ìgbẹ́ adìẹ sì ti gan sórí ìjókòó bíi sìmẹ́ńtì. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n gùn ni?"

N ò mọ̀ ọ́n gùn. Ẹni ọdún 44 ni mí, tíṣà ni mí, ẹ̀yìn ọlọ́kadà ni mo sì ń jókòó sí lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé mo fẹ́ dá gùn ún dé Ṣakí, ìlú ìyá mi, tó fi ohun tó ju kìlómítà 150 jìnnà sí Ìbàdàn.

Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n sì sọ mí ní Àjàlá Travel kí n tó ra àṣíborí rárá. Ọlábísí Àjàlá tí wọ́n fi mí pè, Vespa ló gbé kiri ayé láti 1957, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé An African Abroad tó jáde ní 1963. Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London wá sí Èkó ní ọjọ́ 41. Kí ni Ṣakí já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn? Àmọ́ n ò gbọ́ pé adìẹ sùn lórí ti ọ̀kankan nínú wọn.

Àwọn tó ṣe CG125 mọ irú wa. Nígbà tí Honda gbé e jáde ní 1976, ẹni tó máa di ẹrù rù ú, tí kò sì ní rántí pààrọ̀ ọ́ìlì, ni wọ́n fọkàn sí. Nínú ọ̀pọ̀ Honda mìíràn, òkè ẹ́ńjìnì ni káàmù tó ń mú fáàfù ṣí wà, ṣéènì kékeré ló sì ń yí i. Nínú èyí, wọ́n gbé káàmù sísàlẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ti fáàfù láti ibẹ̀. Ohun tó lè bàjẹ́ dín kù, ohun tí ẹni tuntun lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe sì pọ̀ sí i.

Abẹ́ igi máńgòrò ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tó kọ́ mi wà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tún un ṣe fún mi, kí wọ́n ṣáà máa wò mí bí mo ṣe ń tú u, owó iṣẹ́ wọn á pé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Tíṣà, ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n tán, èmi náà á wá bá ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní, "Bá mi mú fílà níbi àpótí yẹn." Mo rí fìlà wọn lórí àpótí, mo gbọn eruku rẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ẹ̀rín yí nílẹ̀. Àṣé àwọn irin pẹlẹbẹ kan tó tò léra bí ewé ìwé ni fílà tí wọ́n wí, a sì kọ nọ́ńbà sára ewé kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a ń wá ni 0.08, ìyẹn ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà.

Àárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, là ń ṣe tàpẹ́ẹ̀tì, ìyẹn títún àyè ìdí fáàfù ṣe. A ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnì, a sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí àmì T fi bọ́ sójú rẹ̀, tí fáàfù méjèèjì sì padé. Mo wá ti ewé fílà bọ àárín sìkúrúù àti ìdí fáàfù. Tó bá wọlé fàì, àyè ti pọ̀ jù, ẹ́ńjìnì á máa ró bí ẹni ń ta ayò. Tí kò bá wọlé rárá, ó ti há jù, fáàfù ò ní lè padé dáadáa, iná á sì jó o. Ọ̀gá ní, "Fà á. Kó máa bá ẹ du díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fa owó lọ́wọ́ ahun." Ìgbà mọ́kànlá ni mo dè é tí mo tún tú u, torí bí mo bá ti ń dè nọ́ọ̀tì ni sìkúrúù ń yí tẹ̀lé e. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kejìlá, ọwọ́ mi mọ̀ kí ojú mi tó mọ̀.

Mo ṣe àṣìṣe. Mo fi gbogbo agbára dè bọ́ọ̀tù tí ọ́ìlì ń gbà jáde nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ojú ihò rẹ̀ sì họ. Ọ̀gá wò mí, wọ́n ní, "Iyán lo ń gún ni?" Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Owó tí mo fi tún ojú ihò yẹn ṣe ju owó ọ́ìlì lọ.

Púlọ́ọ̀gì ni mo wá fẹ́ràn jù láti máa kà bí ìwé. Tó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. Tó bá funfun bí ẹfun, epo ò tó, ooru ń jẹ ẹ́ńjìnì. Èyí tó dára a máa pọ́n bí awọ ẹ̀pà yíyan. Táyà, ṣéènì àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ọjà Ararọ̀mí ní Gate ni mo ti rà wọ́n. Táǹkì nìkan ni mo fojú kéré. Mo da kẹrosíìnì àti òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, mo mì ín bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Omi pupa jáde, mo rò pé ó tán.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, tí mo ti kọ́ gígùn lórí pápá iléèwé wa, tí mo sì ti gba ìwé ìwakọ̀, mo gbéra ní ìdájí Sátidé kan. Mo kọjá Mọ́níyà, mo kọjá Akínyẹlé. Kí n tó wọ Fìdítì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó sì dákẹ́.

Ká ní ọ̀kadà ẹlòmíì ni, ojú ọ̀nà ni ǹ bá máa wò fún ẹni tó máa ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọwọ́ mi ò dé rí lára eléyìí. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, iná wà. Mo ti epo pa, mo ṣí ife kékeré tó wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀: ìpẹtà lẹ́búlẹ́bú bí áásà ló sùn sídìí rẹ̀. Mo tú jẹ́ẹ̀tì, idẹ kékeré tí epo ń gba ihò rẹ̀ kọjá, mo gbé e sókè sí oòrùn, n ò rí ìmọ́lẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Mo ní wáyà, àmọ́ Ọ̀gá ti kìlọ̀: idẹ rọ̀, wáyà á fẹ ihò náà, epo á sì máa ya wọlé láti ọjọ́ náà lọ.

Ìyá ọlọ́sàn kan ń gbálẹ̀ ìdí àtẹ wọn. Mo kí wọn, mo tọrọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan.

"Ẹyọ kan? Kí lo fẹ́ fi gbá?"

Mo ti ẹnu rẹ̀ bọ ihò náà jẹ́jẹ́, mo fẹnu fẹ́ ẹ, mo tún gbé e sókè. Mo rí oòrùn, kò tóbi ju ojú èèrà lọ. Mo tò ó padà, mo ta á lẹ́ẹ̀kan, mo ta á lẹ́ẹ̀kejì, ó dáhùn. Ìyá pàtẹ́wọ́: "Háà! Ìgbálẹ̀ tèmi yìí náà?"

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun tó lè dá ìrìn Ṣakí dúró kò tó ojú abẹ́rẹ́, ohun tó sì mú un tẹ̀síwájú kò ju ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ. Gbogbo iṣẹ́ tí mo kọ́ lábẹ́ máńgòrò, ojú tí màá fi rí ohun tó kéré báyẹn ni.

Mo gba Ọ̀yọ́, mo gba Ìsẹ́yìn, mo wọ Òkè-Ògùn. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo rí àwọn òkè olókùúta Ṣakí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jáde, wọ́n wo ẹ̀yìn mi bóyá wọ́n á rí ọkọ̀ tó gbé mi wá.

Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, Ọ̀gá gba àpò sípánà mi, wọ́n ń yẹ inú rẹ̀ wò. Wọ́n fa ẹyọ ìgbálẹ̀ náà yọ. Mo fẹ́ máa ṣàlàyé, wọ́n ní kí n dákẹ́ ná. Wọ́n fa àpótí tiwọn jáde, wọ́n ṣí i: mẹ́ta ló wà níbẹ̀.